Ta Ló Wà Lójú Fèrèsé Delia?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Rosalba, ló ń ya àwòrán sí èèpo ìwé orin ní Òpópónà Kejìdínlọ́gbọ̀n, òpópónà àwọn tó ń tẹ ìwé orin tà, níbi tí píánò ti ń ké láti ojú fèrèsé gbogbo bí ajá tó rí olè. Kó tó dé ibẹ̀, òdòdó ló ń kùn sára àwo oúnjẹ. Bàbá wa, tó ń kun ère àwọn ẹni mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí a wà ní ìlú Bari lókè òkun, kú láìgbà pé iṣẹ́ ni ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe. Ní tèmi, ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, èmi ni mo ń ṣírò owó níbi iṣẹ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ràn àlọ́ tó bá ní ìdáhùn. Èyí kò tíì ní.

Ní òpópónà wa, ayàwòrán kì í dúró de orin. Wọ́n á sọ àkọlé fún un, á yà á. Ẹni tó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ lè má tíì jí lójú oorun. Gbogbo èèpo sì gbọ́dọ̀ ní àyè òfìfo kan ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí atẹ̀wé máa fi fọ́tò akọrin sí. Bí akọrin bá yí padà, fọ́tò á yí padà, àwòrán ò ní yí.

Àkọlé tí ọ̀gá Gelbart, tó ni ilé iṣẹ́ ìwé orin wa, fún un ni “Fèrèsé Delia.” Rosalba ya arẹwà ọmọbìnrin sójú fèrèsé, ó ya ọ̀dọ́mọkùnrin kan sórí àkàbà nísàlẹ̀, tó na òdòdó róòsì sí i. Lọ́jọ́rú, orin dé. Nínú orin náà, Delia ti kú.

“Ó ti kú?” Rosalba ní. “Ta ló pa á?”

“Ẹni tó kọ orin ni!” Gelbart jágbe. “Rosalba, gbọ́ mi dáadáa. Desmond Tierney, akọrin ńlá, ló máa kọ ọ́ lórí ìtàgé, ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀ wá wo èèpo yìí. Bó bá kọ̀ ọ́, fọ́tò lásán ni màá máa lò látọjọ́ náà lọ. Mi ò ní nílò ayàwòrán mọ́.”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n lọ sin òkú.”

Ó ha Delia kúrò lára òkúta ìtẹ̀wé, òkúta pẹlẹbẹ tí a ń ya àwòrán sí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Fèrèsé funfun ló kù, bí ìgbà tí iná àtùpà ń jó nínú yàrá tí ẹni tó ni ín ò ní padà sí mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì gbé òdòdó rẹ̀ sókè. Kò tíì gbọ́. Mo sọ fún Rosalba pé kò tíì ya ohun tó dára tó èyí rí.

“Mo mọ̀,” ó ní.

Baba Hasenkamp, atẹ̀wé wa, ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àyè funfun tó bá ti rí lórí èèpo, fọ́tò ló máa ń fi dí i. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la rí ohun tó ṣe. Desmond Tierney ló wà lójú fèrèsé Delia, pẹ̀lú irunmú rẹ̀ tó dà bí ìgbálẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ọ̀dọ́mọkùnrin ń gun àkàbà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó. Férémù igun ìsàlẹ̀ ṣófo.

“Baba, kí lẹ ṣe yìí?” Rosalba kígbe.

“Kí ni mo ṣe? Ihò méjì lo yà. Mo dí èyí tó tóbi. Ta ló ń ya ihò méjì?”

“Rosalba,” Gelbart ní, ó rọra di orí mú, “palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́.”

Ìgbà yẹn gan-an ni Tierney wọlé. Gelbart fẹ́ jókòó lé ìwé náà, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Tierney gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò.

“Gelbart, ó ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo! Gbogbo yín lẹ máa ń tì mí sí igun bíi sítáǹpù. Ta ló gbé mi sókè báyìí?”

A wo ara wa. Rosalba rọra na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé tí ìdáhùn ò dá lójú.

“Ọlọ́run á bùkún ẹ. Ọkùnrin orí àkàbà yìí ńkọ́?”

“Ó… ohùn yín ló fẹ́ràn, ọ̀gá.”

“Ó mọ nǹkan tó dáa!”

Báyìí ni iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ò ṣe bọ́. Ìwé náà tà, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Àwọn èèyàn á rà á nítorí ẹ̀rín, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á máa sunkún nídìí píánò. Gelbart ní kí Rosalba máa ya fèrèsé nìṣó. Ó ya fèrèsé sí orin ọkọ̀ ojú irin, ó yà á sí orin ìyá, ó yà á sí orin ogun.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a ń jẹ màkàróní ẹlẹ́wà, mo fi igi ìṣáná wọn férémù igun ìsàlẹ̀ èèpo Delia. Ó kéré. Kò sí fọ́tò akọrin kan ní òpópónà wa tó lè wọ ibẹ̀. Mo wọn fèrèsé. Ó gba fọ́tò rẹ́gí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?”

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó gba èèpo náà lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ dà rú ju tèmi lọ.

“Mi ò mọ̀,” ó ní. “Àbí mo mọ̀ọ́mọ̀ ni? Ìwọ wà níbẹ̀. Kí lo rí?”

Mi ò rí nǹkan kan. Ó fi àtàǹpàkò bo ojú Tierney, ó ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin orí àkàbà, oúnjẹ wa sì ń tutù.