Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lẹ́nu Ẹ̀rọ Omi Fasilat

Póíǹtì mẹ́ta! Ọwọ́ ti bà á. Lónìí ni ọwọ́ ba Ìbídùn... Kílórámìnì tó ń pa kòkòrò inú omi, ó yẹ kó lé ní ọ̀kan. Òdo póíǹtì mẹ́ta ni mítà ọwọ́ mi kà. Ta ló sì máa ń yẹ omi àdúgbò Bertrams yìí wò? Ìbídùn ni. Nítorí pé ó wà ní ìsinmi ni mo ṣe wá rọ́pò rẹ̀ níbí. Kí ló kọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ọ̀kan póíǹtì mẹ́fà. Irọ́! Inú mọ́tò ló jókòó sí tó ti kọ ọ́—ó gbọ́dọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ ni èmi Akínfẹ́mi ti ń bu omi yẹ̀ wò káàkiri Johannesburg. Èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. "Ẹ ṣeun, Bọ̀dá Fẹ́mi," á sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, àwọn ọmọ Zulu ibi iṣẹ́ wa á máa fi wá rẹ́rìn-ín. Àfi lọ́jọ́ Ajé tí ọ̀gá wa, Madam Damaris, la ẹnu: "From next month, Ìbídùn is your supervisor. Shap?" Shap kẹ̀! Ó dáa báwo? Ọmọ tó ń kúnlẹ̀ fún mi ni yóò máa buwọ́ lu ìwé mi. Mo ń jowú. Mi ò purọ́ fún ara mi, mo ń jowú, ó sì ń ta mí bí ata.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: "Bertrams, 0.3. Please check Ìbídùn's old figures." Ó ku kí n fi ránṣẹ́ sí Madam. Àtàǹpàkò mi ti wà lórí—

Ohùn ọmọ ń ké nínú ilé. Ọmọ Fasilat tó ń gbé ilé yìí ni. Omi ẹ̀rọ yìí náà ni ìyá rẹ̀ fi ń po mílíìkì fún un. Fasilat ké láti inú ilé: "Bọ̀dá, ṣé omi náà dáa?" Mo ní kó jẹ́ kí n ráyè ná.

Páúdà tó ń sọ omi di pupa bí kílórámìnì bá wà nínú rẹ̀... ìgbà wo ni mo dà á sínú ìgò? Ṣé mo dúró? "Ìṣẹ́jú mẹ́ta, Ìbídùn. Kílórámìnì kì í yára fi ara hàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ohùn mi nìyẹn. Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi náà ni mo da páúdà, tí mo mi ìgò, tí mo sáré kà á.

Mo gbé ìgò sókè sí oòrùn. Pupa rẹ́súrẹ́sú yẹn kọ́ mọ́. Ó ti pọ́n. Mo tún un kà.

Ọ̀kan póíǹtì mẹ́fà.

Inú mi bàjẹ́.

Dúró ná, Akínfẹ́mi... Omi tí ọmọ jòjòló fẹ́ mu dára, inú rẹ sì bàjẹ́?