Nọ́ńbà Tí Kò Dáhùn

Bàbá Fáìlì, akọ̀wé ilé ìwòsàn, gbé ìka sórí bọ́tìnnì. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri, ìlà funfun kékeré kan ń ṣẹ́jú sí i. Linux ni wọ́n ń pe irú rẹ̀; ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kọ sí i, kò sí àwòrán tí èèyàn lè tẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni Bàbá Fáìlì sì kà.

Àràárọ̀ ni àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà yìí, nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ yòókù fi ń mọ̀ ọ́n, ń yí padà, wọ́ọ̀dù òkè kì í sì í rí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń fẹsẹ̀ gbé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ bá wọn, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lánàá ni ọ̀gá sọ ọ́ tán: “Ẹ fún un ní àdírẹ́sì kan tí kò ní í kúrò lójú kan. Tó bá fi di ọ̀sán ọ̀la tí kò ṣeé ṣe, a ó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.”

Ìwé tí ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà wọn kọ sílẹ̀ kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ tó wà nínú rẹ̀ ló dà kọ gẹ́lẹ́: 192.168.1.40.

Kò pẹ́, fóònù dún. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ni.

“Bàbá Fáìlì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ti dákẹ́ o. Kí lẹ fọwọ́ kàn?”

“Mi ò… ogójì ni mo kọ, Nọ́ọ̀sì.”

“Ogójì! Ó wà lára ẹ̀rọ wa níbí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àṣé orí bẹ́ẹ̀dì wa lẹ wá sùn sí! Ẹ dìde níbẹ̀ jàre.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Bàbá Fáìlì náà rẹ́rìn-ín.

Ó pa nọ́ńbà náà rẹ́, ó yí ìwé sẹ́yìn. *Ẹ kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà pe nọ́ńbà wò. Tí kò bá dáhùn, ó ṣófo nìyẹn, ẹ lè mú un.*

Ó pe mọ́kànlélógójì. Ó dáhùn kíá. Méjìlélógójì náà dáhùn. Kò mọ̀ pé ilé yìí kún tó bẹ́ẹ̀. Ó ń pè é lọ, ó ń pè é lọ, títí ó fi dé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Kẹ́kẹ́ pa. Ó dúró díẹ̀, ó tún un pè. Ó mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn; òun ló ń kí i káàbọ̀ sílé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Ó mú un.

Lẹ́yìn náà ló kọ nọ́ńbà DNS, ẹni tí kọ̀ǹpútà máa ń bi pé ibo ni orúkọ báyìí ń gbé. Láìsí i, á pe wọ́ọ̀dù lórúkọ títí, kò ní í mọ ojúlé rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Àdírẹ́sì kò yẹ̀. Ó fi èsì ẹ̀jẹ̀ kan ránṣẹ́, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

Fóònù dún.

“Ó ti dé o! Orí ìjókòó mi ni mo ti ń kà á. Ọ̀gá wà lọ́dọ̀ mi, ó ní kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Orúnkún yín á sinmi àtẹ̀gùn wàyí.”

“A dúpẹ́. Ṣé… ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ kí n gbé wá?”

“Rárá o. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ yín.”

Nígbà tí aago mọ́kànlá lù, ó dìde bó ti máa ń ṣe, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yé e pé kò sí ohun tó ń gbé lọ.