Òkúta Tí Wọ́n Rì fún Leokritos

Ọjọ́ tí mo rí òkúta ibojì àbúrò mi lẹ́bàá ẹnubodè Kroton, àyà mi já. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára rẹ̀ gàdàgbà: Leokritos. Ìjì sì ti dojú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń bọ̀ láti Taras dé lọ́sẹ̀ náà, Taras kan náà tí àbúrò mi lọ. Mo káwọ́ lérí, mo sunkún.

Ìgbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ìyá wa. Obìnrin ilé ló ń wẹ òkú nílùú wa. Ta ló wẹ tirẹ̀ láìpe èmi obìnrin ilé? Mo gba ilé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ilé àwọn aláṣọ funfun tó gbà pé orí òǹkà odidi ni gbogbo ayé dúró lé. Mo gbá ilẹ̀kùn wọn bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ.

Bàbá Eurimedon, olórí wọn, ló yọjú.

"Bàbá, ta ló wẹ òkú àbúrò mi?"

"A kì í dárúkọ rẹ̀ níbí mọ́."

"Ṣé orúkọ ni mo bi yín? Ara rẹ̀ dà?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ó sọ ọ̀rọ̀ inú ilé fún ará ìta. Ó ní tèèyàn bá ya onígun mẹ́rin ọgbọọgba, kò sí ọ̀pá ìwọ̀n kan, bó ti wù kó kéré tó, tó lè wọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ìlà tó ti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kó má ṣẹ́kù."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Ì bá dára ká ní irọ́ ni. Bó ṣe jẹ́ òótọ́ yìí, òǹkà odidi nìkan ò gbé ayé dúró mọ́." Ojú rẹ̀ fà ro. "Ẹni tó bá tú àṣírí wa, a máa ń ri òkúta mọ́lẹ̀ fún un. Lójú tiwa, ó ti kú."

"Lójú tiyín? Lójú òkun ńkọ́?"

"Èmi ò mọ tòkun o."

Mo sáré padà sí ẹnubodè. Àwọn aláṣọ funfun ń wọ̀lú bọ̀, ọkùnrin eléruku kan ń tẹ̀ lé wọn, ó ń kí wọn, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Leokritos ni!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí mi? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo ti ń rò ó pé mo ti kú ni."

"Ọkọ̀ tó rì ńkọ́?"

"Òkun máa ń mú mi bì, ẹ ṣáà mọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn."

Mo fọ́ ọ létí.

"Yéè! Ó dùn mí o!"

"Ó dùn ọ́?" Ẹkún ayọ̀ ti gbà mí lójú. "Ọpẹ́ o! Òkú kì í ké yéè." Mo so mọ́ ọn lọ́rùn níwájú gbogbo wọn.