Àwọ̀ Kàbà Òṣèré Náà

Aránṣọ náà rán aṣọ fún tọmọdé tàgbà àdúgbò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò rán kàbà kankan fún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, á ní ọwọ́ òun dí ni.

Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, òun ló ń yí ẹ̀rọ ní ilé sinimá. Bàbá Iná ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń tan iná tó ń gbé àwòrán lọ sára ògiri. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó máa ń mú ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá kótópó tí ẹ̀rọ wà, wọn á jọ máa yọjú láti ihò kékeré kan. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Aṣọ ni ìyàwó fi ń mọ ìtàn. Bí òṣèré bá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ jù sílẹ̀, ìjà ti dé nìyẹn. Bó bá dé akẹtẹ̀ ńlá, ó ń rìnrìn àjò nìyẹn.

Òṣèrébìnrin kan wà tó gbà á lọ́kàn. Obìnrin náà wọ kàbà kan sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìbàdí rẹ̀ fún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ bí agbòòrùn. Ó ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń bẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màá ra aṣọ pupa yẹn fún ọ," ni ọkọ rẹ̀ sọ sí i létí. "Wàá rán an, wàá wọ̀ ọ́, a ó jọ jáde, kí wọ́n máa wò wá lẹ́yìn."

Ọmọ dé, ìtọ́jú ọmọ dé, àìsàn dé, ikú tẹ̀lé e. Aṣọ pupa nìkan ni kò dé.

Nígbà tí ọmọbìnrin wọn ríṣẹ́, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó ń fẹ́. Ìyá kò tilẹ̀ jẹ́ kó bi í tán. "Sílíkì pupa," ló ní. Ọmọ rà á wá. Ó wà lórí tábìlì, àlùmọ́gàjí kò kàn án, torí ìyá kò rántí bí ẹ̀yìn kàbà náà ṣe rí mọ́. Àfi ìgbà tí ọmọ gbọ́ pé ilé sinimá fẹ́ tún fi àwọn eré àtijọ́ hàn. Ó mú ìyá rẹ̀ lọ.

Òṣèré náà sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó yíjú padà. Bọ́tìnnì kéékèèké ló tò sí ẹ̀yìn kàbà náà.

"Mo ti rí i!" ni ìyá pariwo. Ọkùnrin kan ní iwájú wọn pòṣé.

"Màmá," ni ọmọ rọra wí, "ṣé kàbà yẹn nìyí?"

"Òun ni. Ṣé o kò rí ìrìn ni?"

"Mo rí i. Àmọ́ pupa tí ẹ wí dà? Dúdú àti funfun ni fíìmù yìí."

Ìyá tẹjú mọ́ ògiri. Kàbà náà rí bí eérú. Ètè òṣèré náà rí bí eérú, òdòdó ọwọ́ rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó wò ó títí omi fi bo ojú rẹ̀, kò rí pupa kankan.

Nígbà tí wọ́n délé, ó lọ jókòó ti sílíkì náà nídìí tábìlì.

"Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀," ni ọmọ wí. "Ó lè jẹ́ búlúù. Bóyá Bàbá ṣì í wò ni."

"Bàbá rẹ? Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ká fíìmù sínú ẹ̀rọ?" Ìyá gbé ọwọ́ lé sílíkì náà. "Ó mọ̀ pé kò ní àwọ̀. Kì í ṣe obìnrin yẹn ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́, èmi ló ń wò."

Ọmọ pàtẹ́wọ́. "Ha! Bàbá yìí náà! Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ í sọ o."

Ẹ̀rín gba ẹnu ìyá, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Ó dìde, ó mú téèpù lórí tábìlì, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Wá wọ̀n mí. Ẹnìkan kì í wọn ẹ̀yìn ara rẹ̀. Bàbá rẹ ló máa ń bá mi wọ̀n ọ́n."

Ọmọ fi téèpù yí i ká. "Ẹ nàró dáadáa, Màmá. Ìbàdí yìí kì í ṣe ìbàdí òṣèré mọ́ o."

"Ta ló ń rán ti òṣèré?" ni ìyá wí, ó sì gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè.