Ekòló Júbà, Ilẹ̀ Ò Lanu

Bàbá Ṣadé, ẹ fi ohun tí ẹ ń wá yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá fún yín.

Oko wa ni mo wà, àmọ́ bẹ́ẹ̀dì wa wà láàárín ebè. Ọ̀dá ti mú àgbàdo, wọ́n ń wúkọ́ bí arúgbó. Ni ekòló kan bá dé, ó ga jù yín lọ. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ilẹ̀, mo júbà o." Ilẹ̀ ò lanu. Ó tún júbà, ilẹ̀ ò dá a lóhùn. Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, ta ló rí i rí, kí ekòló júbà kí ilẹ̀ má lanu?

Ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó bá kọjú sí mi: "Ìyá Ṣadé, ọdọọdún lẹ ń dáná sun oko. Koríko gbígbẹ tí ẹ ń sun, oúnjẹ mi ni, òun náà ló ń bo ilẹ̀ kí oòrùn má fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ bọ́ ilẹ̀ síhòòhò tán, ẹ wá ń bú òjò!"

Mo ní ọkọ mi ni, kì í ṣe èmi. Gbogbo àgbàdo pòṣé sí mi.

Ekòló gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó fa aṣọ bora, ó ní ibi rírọ̀ kan ṣoṣo tó kù lóko nìyẹn. Mo fẹ́ fà á lẹ́sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò lẹ́sẹ̀. Ìbínú ló jí mi.

Ìṣáná tí ẹ ń wá láti àárọ̀, inú àmù omi ló wà.