Iṣu Bàbá Èṣùbíyì

Bàtà ni Dókítà Àníkẹ́ Fáníyì kọ́kọ́ rí, kó tó wo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Bàtà awọ pẹlẹbẹ ni, ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, ó ń gòkè bọ̀ lórí àtẹ̀gùn ọsibítù rẹ̀ ní Òkèrèwè bí ẹni pé eruku Ifẹ̀ ń yà fún un lọ́nà.

"Ẹ̀gbọ́n Àníkẹ́!" ni ẹni tó ni bàtà kígbe. "Ẹ ò mà yí padà rárá!"

Sàúdátù ni, ọmọ Alhaji Ràímì, tí òun àti Àníkẹ́ jọ kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì, tó sì ti ń gbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Àníkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní: n kò yí padà lóòótọ́. Kí ni ìbá yí mi padà?

Àníkẹ́ kì í gbàgbé nǹkan. Ó rántí pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni òun nígbà tí òun wọ yunifásítì, tí Sàúdátù sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Lọ́sàn-án, a máa fọ ilẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí kan. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a fẹsẹ̀ rìn lọ jókòó nínú kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí àga ti kéré débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò kó tó yege. Ó sì rántí pé Sàúdátù yìí ló fún òun níbi tí òun sùn sí fún ọdún méjì àkọ́kọ́: lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lórí ẹní kan tí igun rẹ̀ ti já. Sàúdátù kò mẹ́nu kan ẹní náà rí. Ohun tó dun Àníkẹ́ jù nìyẹn. Ká ní ó tiẹ̀ fi bú òun lẹ́ẹ̀kan péré ni, òun ìbá rí ibi gbé ìkanra òun kọ́.

Inú ìwé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti kàwé fún ìdánwò Amẹ́ríkà, Sàúdátù ló sì ni ìwé. Oṣù tí wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ ni apá àti ẹsẹ̀ kan rọ mọ́ ìyá Àníkẹ́ lára. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, láàárọ̀. Sàúdátù lọ, Àníkẹ́ dúró.

Àwọn aláboyún tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ti ń yọrùn wo àlejò. Habibah, tí Àníkẹ́ ti ń tọ́jú oyún rẹ̀ bọ̀ láti oṣù kejì, sọ̀rọ̀ sókè:

"Ṣé dókítà Amẹ́ríkà nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi wo ikùn mi."

Màmá Hàjàrá, àgbà nọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ló dá a lóhùn. "Habibah, oyún tí Dókítà ti ń wò bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá? Àbí ọmọ inú ẹ ti gba físà ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àníkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Nígbà tí wọ́n wọ ọ́fíìsì, Sàúdátù jókòó, kò sì fọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kúrò níbi tí mo wà. Ínṣọ́ránsì àwa agbẹ̀bí ti wọ́n jù níbẹ̀. Ọdọọdún lèèyàn gbọ́dọ̀ san án. Tí kò bá san án, lọ́jọ́ tí aláìsàn bá pè é lẹ́jọ́, ilé orí ẹ̀ ni wọ́n á tà. Ọmọ tí mo gbẹ̀bí ẹ̀ lónìí, tó bá di ọdún mélòó kan tí kò rìn dáadáa, òbí ẹ̀ ṣì lè pè mí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi ni ò gbẹ̀bí mọ́. Ẹwà ara ni wọ́n ń bá àwọn olówó tún ṣe."

"Ibo lo wá fẹ́ lọ?"

"Ibi méjì ló wà níwájú mi. Ìpínlẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún tí òfin wọn ti fi gbèdéke sí iye tí kóòtù lè ní kí dókítà san. Ínṣọ́ránsì ibẹ̀ fúyẹ́, wọ́n sì ti fún mi níṣẹ́. Ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ fún wọn lésì. Ìkejì ni ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n. Mo lè kọ́ ọsibítù síbẹ̀." Ó fà sún mọ́ tábìlì. "Ẹ̀yin lẹ mọ ìlú yìí. Ṣé àwọn èèyàn ti ń pe dókítà lẹ́jọ́ níbí? Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni n ó ṣe."

Bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá ló wà lọ́sibítù Àníkẹ́, kò sì sí èyí tí kò rántí ọdún tó rà á nínú wọn. Ó wá rí ọsibítù ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n lójú ọkàn rẹ̀: ilé alájà méjì, iná tí kì í lọ, ẹ̀rọ tí ń fi ọmọ inú han ìyá rẹ̀ kedere. Habibah ni yóò kọ́kọ́ gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Àwọn yòókù á sì tò tẹ̀lé e.

"Ayé ti yí padà, Sàúdá," ló gbọ́ tí ẹnu òun ń sọ. "Àwọn èèyàn tó ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni nígbà tí o lọ, lọ́yà ni wọ́n ń gbà báyìí. Wọ́n ti pe èmi náà."

"Ẹ̀yin náà kẹ̀? Ta ló pè yín?"

Ẹni tí kò múra irọ́ sílẹ̀, ohun tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò kì mọ́lẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ló ti wà nítòsí ọkàn Àníkẹ́ láti ọdún mẹ́ta.

"Àgbẹ̀ kan, Bàbá Èṣùbíyì. Ìyàwó ọmọ wọn bímọ níbí, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Díẹ̀ ló kù kí kóòtù gba ilé yìí lọ́wọ́ mi."

Ohùn Sàúdátù lọ sílẹ̀.

"Wọ́n pe èmi náà, ẹ̀gbọ́n. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Obìnrin kan kú. Kì í ṣe ẹ̀bi mi, kóòtù náà padà rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta ikú ẹ̀, mo se ìrẹsì, mo gbé e lọ kí wọn nílé. Ṣé èèyàn kì í lọ kí ọlọ́fọ̀ ni? Lọ́yà wọn dìde ní kóòtù, ó ní ta ló ń gbé oúnjẹ lọ sílé òkú bí kò ṣe ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́? Ọdún mẹ́rin la fi ro ẹjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, tí aláìsàn bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, n kì í kí ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà jáde." Ó fi ìka nu ìsàlẹ̀ ojú. "Mo rò pé tí mo bá padà sílé, n ó lè máa kí èèyàn."

Inú Àníkẹ́ dùn. Kò sí bó ṣe lè purọ́ ìyẹn fún ara rẹ̀: inú rẹ̀ dùn pé bàtà rírọ̀ yẹn náà ń ta ẹsẹ̀.

"Ó dáa," ni Sàúdátù wí, ó mú fóònù rẹ̀. "Tí ibí náà bá ti dà bẹ́ẹ̀, mo máa gba iṣẹ́ tọ̀hún. Mo lè kọ̀wé sí wọn báyìí."

Ìka rẹ̀ kò tíì kan fóònù tí Màmá Hàjàrá fi kan ilẹ̀kùn, tó sì tì í láìdúró gbọ́ èsì.

"Dókítà, àlejò yín ọdọọdún ti dé o! Bàbá Èṣùbíyì. Iṣu tọdún yìí ju tèṣí lọ."

Bàbá arúgbó kan wọlé, ó ga, ó gbẹ bí ọ̀pá iṣu lẹ́ẹ̀rùn. Ó sọ iṣu tuntun mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣu dé."

Sàúdátù kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Èṣùbíyì?"

"Èmi náà ni, ọmọ mi. Dìde."

"Ẹ̀yin lẹ pe Dókítà lẹ́jọ́?"

"Ẹjọ́ kẹ̀? Èmi? Kóòtù tí mo dé mọ ní ayé mi, ewúrẹ́ ló gbé mi dé ibẹ̀. Ó jẹ àgbàdo ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi ni mo sì jẹ̀bi."

Màmá Hàjàrá wo Dókítà, ó tún wo àjà ilé. Àníkẹ́ ń retí kí Sàúdátù pariwo, kó pe òun ní òpùrọ́, kó tilẹ̀ rántí ẹní tó já nígun. Sàúdátù kò pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló pa obìnrin yẹn?"

"Ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò dá lẹ́yìn ìbímọ."

"Ṣé ẹ ti sọ fún wọn bó ṣe rí?"

"Wọn ò bi mí."

"Wọn ò bi yín," ni Sàúdátù tún un sọ. "Lọ́hùn-ún, wọ́n bi mí títí dórí ohun tí mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Àníkẹ́ wo iṣu mẹ́ta tó wà nílẹ̀. Ó ti jẹ mẹ́ta lọ́dún àkọ́kọ́, ó jẹ mẹ́ta lọ́dún kejì. Ó dìde, ó yí tábìlì po, ó sì kúnlẹ̀ síwájú arúgbó náà.

"Bàbá, lọ́jọ́ tí Tolúwalàṣẹ ìyàwó ọmọ yín kú, mo pẹ́ kí n tó ránṣẹ́ lọ gba ẹ̀jẹ̀ wá. Màmá Hàjàrá ní ká ránṣẹ́, mo ní ká dúró díẹ̀, á dá. Wọ́n ní ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, mo kọ̀. N kò fẹ́ kí àwọn èèyàn sọ pé ọwọ́ mi ò ká a."

Bàbá Èṣùbíyì jókòó sórí àga tí Sàúdátù dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, sà?"

"Orí bẹ́ǹṣì ìta yẹn ni mo jókòó sí. Wọ́n ń pe ìrun àìlà ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí Màmá yìí jáde sí yín, tó ń fọwọ́ bẹ̀ yín pé ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Nígbà tí ọlọ́kadà fi máa gbéra, àwọn tó lọ kírun ti kírun tán, wọ́n ti ń jẹ ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí gbogbo ẹ̀."

"Ẹ sì ń gbé iṣu wá fún mi?"

"Dókítà, tí mo bá pè yín lẹ́jọ́, ẹ máa gba lọ́yà. Lọ́yà lá máa bá mi sọ̀rọ̀. Ohùn lọ́yà kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Mo ní ẹni tó bá jẹ iṣu èèyàn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ á hun ún lọ́fun." Ó nawọ́ sí iṣu. "Ọdún kẹta rèé. Mo ti sọ fún ìyàwó mi láàárọ̀ yìí pé tẹ́ ẹ bá tún dákẹ́ lọ́dún yìí, iṣu ti tán nìyẹn."

Àníkẹ́ dojú bolẹ̀, ó ń sunkún. Arúgbó náà kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ dìde. N kò ní mo ti dárí jì yín o. Mo ní mo ti gbọ́. Ìmísí, ọmọ tó fi sáyé lọ, òun náà á fẹ́ gbọ́ tó bá dàgbà. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un, kì í ṣe èmi."

Ó kí Sàúdátù, ó kí Màmá Hàjàrá, ó sì bọ́ síta.

Màmá Hàjàrá tẹ̀lé e jáde, ó fa ilẹ̀kùn pa dé. Sàúdátù mú fóònù rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, ó fi ránṣẹ́, ó sì jù ú sínú báàgì.

"Mo ti ní n ò gba iṣẹ́ yẹn mọ́. Mò ń bọ̀ wá sílé, ẹ̀gbọ́n."

"Lẹ́yìn irọ́ tí mo pa fún ọ?"

"Nítorí irọ́ yẹn gan-an ni. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé mo máa kó aláìsàn yín lọ, ẹ gbà pé mo mọṣẹ́ nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ máa máa ṣọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọ́ olè. Kò sí lọ́yà tó lè ṣọ́ dókítà tó bí dókítà míì tó ń jowú ẹ̀. Tí èèyàn bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ wá bi mí. Tó bá kú mọ́ yín lọ́wọ́, èmi náà á wá bi yín. Lẹ́yìn náà, a jọ máa lọ kí wọn nílé, a ó sì sọ bó ṣe rí fún wọn."

Àníkẹ́ nu ojú rẹ̀. "Ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n ti jìnnà jù fún àwọn aláboyún," ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Mo kàn sọ ọ́ ni."

Wọ́n jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Habibah kò tíì lọ. "Dókítà Amẹ́ríkà," ló wí, "ìgbà wo lẹ máa wá ṣí tiyín?"

Ìlara ta Àníkẹ́ láyà ní ibi tó ti máa ń ta á. Kò tíì lọ. Bóyá kò ní lọ.

"Dúró, Sàúdá," ló wí. "O ò lè lọ lọ́wọ́ òfo."

Ó padà sínú ọ́fíìsì, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú iṣu mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ síbi èyí tó kéré jù. Ó fi í sílẹ̀. Ó gbé èyí tó tóbi jù, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí bàtà rírọ̀ yẹn lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, ó padà sẹ́yìn, ó gbé ńlá náà kalẹ̀, ó sì mú èyí tó wà láàárín.