Máṣíìnì Tí Ẹ̀gbọ́n Ná

Bí obìnrin bá fẹ́ mọ iye ọ̀gá tó ní láyé, kó sọ ọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ pé òun fẹ́ ra máṣíìnì. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan ni Rúùtù sọ tirẹ̀, kí ó sì tó délé, ìmọ̀ràn ti kún etí rẹ̀. Ìyá tó ń ta àkàrà ní kó ra Fẹ́sípà. Olórí akọrin ní kó má ra nǹkan kan, kó máa fẹsẹ̀ rìn, ara rẹ̀ á le. Ọkùnrin kan tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀ dá a dúró sínú oòrùn, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí gíà. Rúùtù ń wí pé ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Kì í ṣe fáàrí ló ń ṣe é. Tíṣà ni, ilé-ìwé tí wọ́n gbé e lọ sì wà ní Abà Ìdí-Ọsàn, abúlé kan tó yà kúrò lójú títì, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń lọ láàárọ̀. Ọkọ̀ náà kì í gbéra àfi bí ẹrù bá kún un, ẹrù kì í sì í tètè kún mọ́ láti ìgbà tí sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ á ti kọrin àárọ̀ tán kí ó tó dé, ọ̀gá ilé-ìwé á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ti kìlọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ báyìí, òun yóò fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ni Rúùtù bá bẹ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé kó kọ́ òun ní máṣíìnì lórí pápá. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín tó wù wọ́n. Nígbà tí òjò ọdún náà fi dáwọ́ dúró, ó ti ń gùn ún dé ojú títì, ó sì ń gùn ún padà.

Bó ṣe mọ̀ ọ́n gùn tán ni ojú rẹ̀ là sí ohun tó wù ú gan-an. Máṣíìnì eléré-ìje ló fẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje. Ó rí i ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ tó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ọsibítù àwọn míṣọ́nnárì. Mashood, ọkùnrin ará Ìlọrin kan tó ń ta máṣíìnì tòkunbọ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò, gbé e síta pẹ̀lú àwọn yòókù. Pupa ni. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá gùn ún gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Rúùtù ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jọ, ó gun orí rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Mashood kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀; ó ní kó sún ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan sì tẹlẹ̀ dáadáa. Ó ní ìyẹn tó. Ó ṣàlàyé fún un pé nínú àwọn eléré-ìje, èyí ni àbúrò pátápátá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti máṣíìnì tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ, nítorí náà ẹni tí kò tíì pẹ́ lórí máṣíìnì lè gùn ún, bí kò bá ṣáà ti fún un níná lójijì. Ó jẹ́ kó gùn ún dé iwájú mọ́ṣáláṣí, kó sì padà. Rúùtù padà dé, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó béèrè iye tó jẹ́.

"Tíṣà, ẹ lọ mú ẹni tí yóò ná an wá," ni Mashood wí.

Rúùtù ní òun gan-an ni yóò ná an. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní kì í ṣe pé òun fojú di wọ́n, ṣùgbọ́n obìnrin kan ti ra ẹ̀rọ ìlọta lọ́wọ́ òun rí, ọkọ rẹ̀ gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sì bú òun tìran-tìran lójú gbogbo Sábó. Láti ọjọ́ náà, òun kì í bá obìnrin dá owó ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnnì. Rúùtù jiyàn títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ìbínú ló gbé wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀yọ́.

Emmanuel, ọkọ rẹ̀, kò lòdì sí i. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ilé bá ń jó, yóò kọ́kọ́ kí ará ilé kú ilé kó tó sọ fún wọn. Ó ní owó ìyàwó òun ni, kó ra èyí tó wù ú, ìbáà ṣe pupa, ìbáà ṣe aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n òun kò mọ ọjà ná, wọ́n á rẹ́ òun jẹ ni. Ó ní kí wọ́n kúkú bẹ Bọ̀dá Akin.

Akínwálé ni ẹ̀gbọ́n Rúùtù, ọmọ ìyá kan náà. Bàbá wọn tètè kú. Òun ló ń gbé Rúùtù sí èjìká lọ sí ilé-ìwé nígbà òjò, òun ló sì jókòó sípò bàbá lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, aṣọ kì í rún lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà nínáná ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ìlẹ̀kùn ni o, ewúrẹ́ ọdún ni o, páànù ilé ni o, òun ni ẹbí ń rán. Wọ́n ní bí Akínwálé bá ná ọjà tán, ọlọ́jà á fẹ́rẹ̀ẹ́ san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ ní Òwòdé ní ọjọ́ Sátidé, ó la ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà kì í jẹ́ kí ojú òun dúró lórí rẹ̀. Èyí tí wọn kò fẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ ná, wọn yóò ná an títí yóò fi rẹ ọlọ́jà, wọn yóò ṣe bí ẹni tó ń lọ, ìgbà náà ni wọn yóò tó béèrè pupa yẹn bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí wọn lọ́kàn. Rúùtù ní ọlọ́jà ti mọ èyí tí òun fẹ́, òun ti gùn ún lójú rẹ̀. Akínwálé ní ibi tó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ gan-an nìyẹn, ohun tó bà jẹ́ náà ni òun sì ń bá a tún ṣe. Ó ní bí wọ́n bá débẹ̀, kó kí ọkùnrin náà, kó dúró, kó má la ẹnu. Rúùtù kọjú sí fèrèsé. Ẹni tó ń fi ẹnu rẹ̀ kọ́ odindi kíláàsì láti àárọ̀ di ọ̀sán ni wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́ lórí owó ara rẹ̀.

Pupa náà ṣì wà níbẹ̀. Ọkàn Rúùtù fò sókè nígbà tó rí i, ó sì yára wo ilẹ̀. Mashood kí wọn káàbọ̀, ó béèrè àlàáfíà ilé lọ́wọ́ Akínwálé. Akínwálé kọjá lára pupa náà bí ẹni tó ń kọjá lára gọ́tà, ó sì lọ dúró ti èyí aláwọ̀ eérú kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú èyí tí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ ni, kí obìnrin lè gùn ún láìká aṣọ, ó ní agbọ̀n kékeré níwájú. Máṣíìnì ìyàwó àlùfáà làwọn èèyàn ń pè é. Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ bó bá rí obìnrin lórí irú rẹ̀, ohun tí Rúùtù sì kórìíra nípa rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Akínwálé gbá a lábàrá, ó tẹtí sí i, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó pòṣé. Ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Mashood sọ iye kan. Akínwálé rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tó ń já owó ọjà sílẹ̀ kí ẹnu tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń lẹ táyà nítòsí fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá wòran, nítorí ẹni tó mọ ọjà ná máa ń ní èrò lẹ́yìn. Rúùtù mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí èrò bá ti pé lé e lórí báyìí, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ́kun. Akínwálé bá dá owó. Owó tó dá náà kéré débi pé, bí èèyàn bá fi ná kẹ̀kẹ́ lásán, ọlọ́jà á bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Àwọn alẹtáyà rẹ́rìn-ín, òun náà sì yí sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mashood kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fi àkísà nu ìjókòó máṣíìnì náà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ rí.

"Ó dáa," ló wí. "Mo gbà. Ọlọ́run á jẹ́ kó san yín."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Akínwálé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Bí ẹnu bá ti dá owó, tí ọlọ́jà sì ti gbà, ọjà ti di ti onítọ̀hún; ẹni tó bá ní òun kò rà mọ́, èébú ni yóò rà lọ sílé. Rúùtù fa etí agbádá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kì í ṣe èyí ni wọ́n bá wá. Akínwálé ní òun mọ̀.

Mashood gbọ́. "Ọ̀gá, bó bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lẹ ń ṣe, ẹ sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni. A ó rẹ́rìn-ín sí i, a ó sì ná pupa yìí. Mo mọ̀ pé òun ni Tíṣà fẹ́."

Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ, Rúùtù sì ń tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ bí ẹni ebi ń pa. Akínwálé wo Mashood, ó wo àwọn alẹtáyà, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe léjìká. Ó ní òun kì í fi ọjà ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ná an," ni Rúùtù wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sókè. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ rà á."

"Ṣé lójú àwọn àjèjì lo fẹ́ dójú tì mí?"

Àpò owó wà lápá Rúùtù, kò sì sí ẹni tó lè já a gbà. Ó lè kọ̀. Ó ronú kan kíkọ̀ náà, ó rò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti wọ inú àpò kí ọkàn rẹ̀ tó dá a lóhùn. Èèyàn kì í fi ẹni tó gbé e sí èjìká nínú òjò sílẹ̀ kí àwọn alẹtáyà Sábó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó san owó. Bó ti wù kí owó tó san kéré tó, èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ra pupa náà mọ́. Mashood gba owó náà láìwo ojú rẹ̀.

Akínwálé bá bọ́ọ̀sì padà. Rúùtù so gèlè mọ́ orí, ó gun máṣíìnì eérú náà bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Kò ṣe é ní nǹkan kan lọ́nà. Ó rọrùn, ó dúró ṣinṣin, ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ ń kanlẹ̀ dáadáa nígbàkúùgbà tó bá dúró, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́ bí àgbà tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Ọkọ̀ akóṣu yà á sílẹ̀. Tírélà yà á sílẹ̀. Nígbà tó dé Odò-Ọ̀bà, ó ti ń sunkún, ó sì ń bú ara rẹ̀ pé òun ń sunkún.

Gbogbo ilé jáde wá kí i kú orí ire. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, ìyá alákàrà yí máṣíìnì náà ká, ó ní irú èyí gan-an ló yẹ obìnrin, olórí akọrin sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye tí Akínwálé ná an, ariwo sọ. Wọ́n ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò tíì jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Akínwálé ni wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ́. Bí Rúùtù bá ní eléré-ìje ni òun fẹ́, wọ́n á ní kó dúpẹ́, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, orí ló yọ ọ́.

Emmanuel ní ó yẹ káwọn lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bọ̀dá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n bá Akínwálé ní pálọ̀ rẹ̀, ó ń mu ògì. Emmanuel dọ̀bálẹ̀, Rúùtù kúnlẹ̀. Emmanuel dúpẹ́ títí, ó ṣàdúrà, ó wá dákẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ lè sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Rúùtù, ó mọ̀ ọ́n sọ láti kékeré, ṣùgbọ́n kò jáde.

"Ẹ sọ fún mi, Bọ̀dá mi. Kí ló dé tẹ́ ò sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni?"

Emmanuel wúkọ́, ó fọwọ́ kàn án léjìká. Akínwálé gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí Emmanuel jẹ́ kó béèrè. Ojú rẹ̀ wà lórí ògì náà.

"Ojú tì mí ni," ló wí.

"Ojú yín tó tì, òun ni n óò máa gùn lọ sí Ìdí-Ọsàn lójoojúmọ́."

Akínwálé ní òótọ́ ni. Kò ṣe àwíjàre, kò sì bínú, ó kàn ń mi orí. Rúùtù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí pé kí àyà òun fúyẹ́ díẹ̀ nítorí pé ó ti gbà. Kò fúyẹ́. Pupa náà á ti rí ẹni rà á, òótọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun gbà kò ní í gbé e padà wá.

Ó dìde, nítorí àkókò ilé-ìwé ti ń tó. Ó jáde sí àgbàlá, ó gun máṣíìnì eérú, ó sì gbàdúrà lọ́kàn rẹ̀ pé kó kọ̀, kó kàn kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí òun lè rí nǹkan sọ. Ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dáhùn. Ó dé Abà Ìdí-Ọsàn kí wọ́n tó lu agogo, ọ̀gá ilé-ìwé wo aago rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ọjà gidi ni wọ́n bá a rà yẹn.